Èéfín jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ iṣẹ́ mi méjì ní plásà wa ní Kubwa: ta ló ni ẹ̀yìnkùlé?

ÌyáÀrá_Kubwa | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ̀mí tó bá a lọ.

Aṣọ ni mo ń rán. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní plásà kan ní Kubwa, Àbújá níbí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Òkè ni mo wà pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ. Lọ́tùn-ún mi ni bàbá kan tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà, lósì ni oníkọ̀ǹpútà. Nísàlẹ̀ la ti rí ìyá olóúnjẹ, oníkẹ́míìsì, ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, àti Málàm tó ń gẹ irun. Àwa méje, jẹnẹrétọ̀ méje. Kọ̀rọ̀ tóóró tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì la tò wọ́n sí.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ láago méjì ọ̀sán. Àwọn ará ìsàlẹ̀ sáré wọ́ jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta sábẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kí omi má bàa wọ̀ wọ́n, wọn ò sì pa wọ́n. Èmi náà ti gbogbo fèrèsé, torí lééṣì oníbàárà wà lórí tábìlì. Kò tó ìṣẹ́jú ogójì tí orí fi ń fọ́ gbogbo wa. Ebi ni mo pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dìde pé òun fẹ́ mú sísọ́ọ̀sì, ó ṣubú gbì. Èkejì fẹ́ gbé e, òun náà jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A gbé wọn dé àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, àgádágodo la bá lẹ́nu géètì. Láti ìgbà tí olè ti jí kọ̀ǹpútà lọ ni wọ́n ti ń tì í, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. A tún gbé wọn padà gba iwájú. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo lọ bá kálukú wọn. Ìyá olóúnjẹ ní tòun kọ́ ni èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. Onífóònù ní gbogbo èèyàn ló ń gbé e síbẹ̀. Oníkẹ́míìsì ní bí olè bá tún wọlé, ṣé èmi ni màá san án? Éjẹ́ǹtì ní Kánò ni Alhaji onílé wà, kí a ṣáà máa ṣọ́ra. Kálukú ń ṣọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìnkùlé àti àtẹ̀gùn ni kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi tiyín?

Aránṣọ_Kàdúná | 8:31 alẹ́

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irú rẹ̀ ṣe wá rí ní Kakuri. Epo pupa lẹ ò bá rọ sí wọn lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá fi mílíìkì tẹ̀ lé e. Ẹ ra fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, kí ẹ fi sí ògiri ẹ̀yìn. Tí ẹ bá lówó ńlẹ̀, ẹ kó kúrò níbẹ̀. Ayálégbé méje ò lè fi ohùn ṣọ̀kan láyé yìí.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada | 9:05 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rọ epo pupa sí ẹni tó dákú lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun kọ́ ló máa gbà, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. A ti tọ́jú ẹni tí èéfín kò pa, tó jẹ́ pé epo tí wọ́n fi ṣe oore fún un ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Èéfín tí ẹ ń fojú rí kọ́ lọ̀gá ibẹ̀. Carbon monoxide ni. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Tó bá dé inú ẹ̀jẹ̀, ibi tí ọ́síjìn yẹ kó jókòó sí ló ń gbà, ó sì máa ń dì í mú ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń mí tí mímí ò sì ràn án lọ́wọ́. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ ọ́n ni èyí tí ẹ̀yin gan-an sọ: orí fọ́ *gbogbo yín* lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá kan. Ibà kì í mú èèyàn mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú ogójì.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo èèyàn jáde síta gbangba, ẹni tó dákú àti ẹni tó ní kò sóhun tó ṣe òun. Lẹ́yìn náà kí ẹnìkan pa jẹnẹrétọ̀. Kí ẹ wá gbé wọn lọ sílé ìwòsàn níbi tí ọ́síjìn wà, torí òun ni oògùn rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka lè gbé nọ́ńbà tó dára jáde, kí wọ́n ní kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Mà, ṣé ẹ gbé àwọn ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn? Ó máa ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan fún àwọn míì: ìgbàgbé, orí fífọ́, ìwà tó yí padà.

ÌyáÀrá_Kubwa | 9:11 alẹ́

A ò lọ o. Wọ́n ní àwọn ti gbádùn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Màá mú wọn lọ láàárọ̀ ọ̀la.

Mẹkáníìkì_Jos | 9:48 alẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní àdúgbò Terminus. Ẹ má ra fáànù yẹn. Bí fáànù bá ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá síta, afẹ́fẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀. Ibo ló máa gbà wọlé? Abẹ́ ilẹ̀kùn àti ojú fèrèsé, níbi tí èéfín ti ń dúró dè é. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi owó yín fà á wọlé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìyá, ìwà àwọn èèyàn yẹn kọ́ ni ìṣòro yín. Òjò ni. Ẹni tó fi owó ńlá ra jẹnẹrétọ̀ ò ní jẹ́ kí òjò pa á, ẹ ò báà bá a jà títí ọ̀la. Ẹ kọ́ ibì kan fún un tí òjò ò ti ní bá a, kò ní gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn mọ́. Òpó irin mẹ́rin, páànù lórí, kí ó má ní ògiri kankan. Bí ẹ bá fi ògiri yí i ká, ẹ ti kọ́ yàrá èéfín nìyẹn. Kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, ó kéré tán. Owó wáyà ò tó owó ilé ìwòsàn.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé kí ẹ fi páìpù gígùn gbé èéfín kọjá òrùlé. Jẹnẹrétọ̀ ńlá lè gbà á tí ẹni tó mọṣẹ́ bá ṣe é. Àwọn kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour ò lè gbà á, èéfín máa há sí i nínú ni. Wọ́n sì máa ń jo ní oríkèé.

Kí kálukú yín sì ní séńjì ófà tirẹ̀, ìyẹn swíìṣì tí kì í jẹ́ kí iná NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀ pàdé. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ ihò ògiri lásán. Ọjọ́ tí NEPA bá mú iná dé lójijì, tàbí tí òṣìṣẹ́ wọn bá wà lórí òpó, ẹ máa gbọ́ ìròyìn.

Ọmọ_Ìlọrin_Wuse | 10:20 alẹ́

Gbogbo èyí dùn-ún sọ. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ayálégbé ní Wuse rí, ìpàdé mẹ́fà la ṣe lórí ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó dáwó. Ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba kí wọ́n wá ti ẹ̀yìnkùlé yẹn pa. Àmọ́ mi ò rò pé òfin ilé iṣẹ́ kàn yín, torí mo mọ̀ pé tí òṣìṣẹ́ ò bá ti pé mẹ́wàá, wọn kì í pè é ní fátírì.

Panápaná_Tẹ́lẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Èéfín lẹ̀ ń sọ, géètì yẹn ló ń dẹ́rù bà mí.

Ẹ wò ó: onítẹ̀wé wà lókè pẹ̀lú tínà àti bébà. Gáàsì ń jó nísàlẹ̀. Bẹntiróòlù wà nínú jálá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó gbóná. Bí iná bá mú nísàlẹ̀ níwájú, ibo lẹ̀yin ará òkè máa gbà? Ẹ máa dúró lẹ́nu géètì tí ẹ ti, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò ẹni tó ti sá dé títì. Mo ti rí ojú géètì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iná, mi ò sì fẹ́ ṣàlàyé.

Oníkẹ́míìsì ò ṣe àìdáa tó ń bẹ̀rù olè. Ẹ má bá a jà. Ẹ lọ bá wẹ́dà kí ó yọ ojú àgádágodo kúrò, kí ó fi ìdábùú sí inú, èyí tí ọwọ́ ọmọdé lè fà láìní kọ́kọ́rọ́, kí ó sì lẹ páálí irin mọ́ ọn kí ọwọ́ má lè ti ìta dé ibẹ̀. Olè ò lè ṣí i, ẹ̀yin lè ṣí i. Lálẹ́ tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, kí ẹni tó kẹ́yìn fi àgádágodo sí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló máa ṣí i *kó tó* ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ẹ wá rímù ọkọ̀ kan, ẹ so ó kọ́ sí àárín ilé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ariwo "iná". Ìhà ibi tí a wà yìí, ẹni tó gbọ́ "iná" ò ju ìdajì lọ. "Gobara" ni Málàm máa gbọ́. Gbogbo wọn ló gbọ́ rímù. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri.

Ẹ fi ọ̀pá apaná onípáúdà kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, kí ọwọ́ atọ́ka rẹ̀ wà lójú àwọ̀ ewé. Iná òróró nínú páànù ìyá olóúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i o. Ọmọrí ìkòkò tàbí àpò ìdọ̀họ tí a fi omi rin tí a sì fún dáadáa ni kí ó fi bò ó, kí ó pa gáàsì, ó tán.

OníGáàsì_Màràràbà | 6:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun, bàbá. Kí ìyá olóúnjẹ lu ihò sókè lábẹ́ òrùlé kí gáàsì tó bá ń jò lè máa gòkè jáde.

Panápaná_Tẹ́lẹ̀ | 6:47 àárọ̀

Rárá o, ọ̀gá. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí bí omi. Ìsàlẹ̀ ògiri ni kí ó lu ihò náà sí. Ìta gan-an ló yẹ kí sìlíńdà wà, kí ọ̀pá gba inú ògiri wọlé. Bí òórùn bá sì ti gbòde, kí ẹnikẹ́ni má tan iná, kí wọ́n má sì pa á.

OníGáàsì_Màràràbà | 6:55 àárọ̀

Mo gbà. Òkè tí mo sọ, èéfín ìdáná ló wà lọ́kàn mi. Mo pa méjèèjì pọ̀ ni.

Sẹ́fútì_Idu | 12:33 ọ̀sán

Iṣẹ́ ààbò ni mo ń ṣe lójú iṣẹ́ ìkọ́lé, níbi tí agbaṣẹ́ṣe mẹ́jọ lè wà lórí ilẹ̀ kan. Gbogbo ohun tí àwọn tó ṣáájú sọ dára, àmọ́ ta ló máa ṣe é? Ibẹ̀ ni Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Níbi tí ọ̀gá ti pọ̀, iṣẹ́ tí èèyàn mọ̀ dunjú kì í sábà ṣe é léṣe. Iṣẹ́ ẹlòmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wẹ́dà wà lókè tó ń jó irin, kò mọ̀ pé àwọn ọlọ́dà ń fi tínà fọ ilẹ̀ nísàlẹ̀. Wẹ́dà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọlọ́dà mọ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún èkejì. Òjò iná bọ́ sórí tínà. A pa á, àmọ́ ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan jó.

Láti ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń dúró pa pọ̀ láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: *kí lo fẹ́ ṣe lónìí tó lè kan ẹlòmíràn?* Ẹ̀yin ò nílò ojoojúmọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ má jókòó ṣe é. Ẹ jọ rìn yí ilé ká, ẹ̀yin méjèèje, láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí jálá epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó gbóná kì í jiyàn bí ẹni tí wọ́n sọ fún.

Nǹkan tó kù: kí ẹ yan ẹnì kan tó lè sọ pé "ẹ pa á" tí gbogbo yín á pa á, kí ẹ tó béèrè ìdí. Àtipé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pe wẹ́dà, ọlọ́dà tàbí oníná wá, kí ó sọ lórí WhatsApp yín lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Mẹkáníìkì_Jos | 1:10 ọ̀sán

Kí ẹni yẹn máa yípo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má di ọba lé wọn lórí.

Sẹ́fútì_Idu | 1:26 ọ̀sán

Kò ní ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. A ti dán an wò. Tó bá ń yípo, lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kálukú á rò pé ọ̀sẹ̀ ẹnìkejì ni. Bí ewúrẹ́ àjọsìn: ìdílé méje ló ni ín, kò sì jẹun láti àná. Ẹnì kan ni, fún oṣù mẹ́fà, kí gbogbo èèyàn mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́yà_Garki | 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ mẹ́wàá yẹn ṣe. Òfin àtijọ́ ló sọ mẹ́wàá. Factories Act ti 1987 ti sọ ọ́ di ẹyọ kan: ibi tí ẹnì kan péré bá ti ń ṣe nǹkan tàbí tún nǹkan ṣe fún èrè lè jẹ́ ilé iṣẹ́ lójú òfin. Aránṣọ àti atẹ̀wé wà nínú rẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, a ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí wọn ò fi ní lè tètè ṣí i láti inú. Ẹ fi han oníkẹ́míìsì. Ìjàǹbá tó bá pa òṣìṣẹ́, tàbí tó dá a dúró kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó àwọn tó ń bẹ ilé iṣẹ́ wò lábẹ́ mínísírì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ létí.

Èkejì, Employees' Compensation Act ti 2010: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ẹ ń san ni ẹ máa ń dá sí NSITF, àjọ ìjọba kan, àwọn ló sì ń tọ́jú ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá, òfin náà dárúkọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ẹni tó fara pa ní láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọjọ́ méje ni ọ̀gá ní láti ròyìn.

Ọmọ_Ìlọrin_Wuse | 4:40 ìrọ̀lẹ́

Lọ́yà, mo dúpẹ́, ti mẹ́wàá yẹn, mo ṣì í. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá bẹ plásà wò ní Kubwa? Ẹ ṣáà kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì kí ẹ tó gbé jẹnẹrétọ̀ méje lọ síbẹ̀. Tiwa, a gbé e kúrò lẹ́yìn wa, a gbé e sétí fèrèsé aládùúgbò. Ọlọ́pàá ló parí ìjà náà.

ÌyáÀrá_Kubwa | Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, 9:20 alẹ́

Ẹ kú ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ jíhìn.

Ilé ìwòsàn yẹ àwọn ọmọ náà wò. Ọ̀kan ti dá ṣáká. Orí ṣì ń fọ́ èkejì, wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run a bùkún yín.

Mo ṣe bí Sẹ́fútì ṣe wí, mi ò pe ìpàdé. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi rìn. Márùn-ún jáde, èmi ni ìkẹfà. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn, ìyá olóúnjẹ fúnra rẹ̀ ló rí i pé etí jẹnẹrétọ̀ onífóònù ni ọ̀pá gáàsì òun gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ó pe onígáàsì wá.

Ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ilé kéwú ni o! Ọmọ Ìlọrin, ẹ gbà wá. Ibi tí a fẹ́ kọ́ òrùlé sí tẹ́lẹ̀, orí àwọn ọmọ kéwú ni èéfín ì bá máa dà lé. A gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lójú títì, a fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n, ó lé ní ogún. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni kálukú dá. Éjẹ́ǹtì ní òun á bá Alhaji sọ ọ́ kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ilé. Mi ò tíì gbà á gbọ́.

Ẹni tí a yàn, Málàm ni. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, mo ní rárá, òkè ni mo wà, mi ò lè rí nǹkan kan. Málàm ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn àsùbáà, òun náà ló ń kẹ́yìn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí.

Òjò rọ̀ lánàá láago mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde ni Málàm ti lu rímù. Òrùlé ò tíì parí, gbogbo jẹnẹrétọ̀ la pa fún wákàtí kan àtààbọ̀. Onítẹ̀wé bínú, káàdì ìgbéyàwó kan ò parí, ṣùgbọ́n ó pa tirẹ̀. Èmi náà fi ọwọ́ yí máṣíìnì.

Oníkẹ́míìsì ló kù. Ìdábùú géètì ti wà lọ́wọ́ wẹ́dà, a ti san owó rẹ̀, ó ṣì ní òun fẹ́ rò ó. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ Lọ́yà síta lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà, mo fi há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Lónìí, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Málàm nígbà tó fẹ́ lọ kírun.